Yàrá Òkùnkùn Tí Ó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé Kẹ́mísírì

Nígbà tí àwọn olóòtú ní kí a kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú ìwé yìí, a mọ̀ pé àwọn ẹlòmíràn yóò kọ nípa àwọn ọ̀gá àgbà, nípa ẹgbẹ́ akọrin, àti nípa àwọn ife-ẹ̀yẹ tí a gbà lórí pápá. Àwa fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ Kẹ́mísírì. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé-ẹ̀kọ́ wa ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwòrán dúdú-àti-funfun tí a pàtẹ sí gbọ̀ngàn ní ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ó kọjá.

Ní ọjọ́ ìpàdé náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan dúró níwájú àwọn àwòrán wọ̀nyí, ó bi wá pé, "Bàbá, bí ẹ kò bá lè rí àwòrán náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lójú kámẹ́rà, báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti wọlé?" Ìbéèrè rere ni. Ìdáhùn rẹ̀ ní ṣókí ni pé a kì í mọ̀. Èyí tí ó gùn ni a fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín, nítorí ó ní ohun tí a fẹ́ bẹ gbogbo ìdílé ilé-ẹ̀kọ́ yìí lé lórí kí ó tó pẹ́ jù.

Ohun tí fíìmù jẹ́

Fíìmù jẹ́ ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi jẹ́látíìnì kùn lójú kan. Láti inú eegun àti awọ ẹran ni a ti ń sè jẹ́látíìnì jáde. Inú rẹ̀ ni a sì po àwọn hóró iyọ̀ fàdákà wíńníwínní mọ́. Fàdákà kan náà tí a fi ń ṣe òrùka ni. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan iyọ̀ yìí, ìyípadà kékeré kan a dé bá a, ó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè rí i. Àwòrán ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó fara pamọ́. Oògùn ni yóò pè é jáde. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ a di dúdú, ibi tí kò sí ìmọ́lẹ̀ a sì mọ́ gaara. Ìdí nìyí tí aṣọ funfun fi ń di dúdú, tí irun dúdú sì ń funfun lójú nẹ́gátíìfù. Nígbà tí a bá mú kí ìmọ́lẹ̀ gba ara nẹ́gátíìfù kọjá sórí ìwé tí a fi iyọ̀ fàdákà kùn, ohun gbogbo a padà sí ipò rẹ̀.

Ní 1839 ni ìròyìn iṣẹ́ yìí tàn káàkiri ayé, nígbà tí a fi àwòrán tí Louis Daguerre ṣe sórí àwo fàdákà hàn ní ilẹ̀ Faransé. Ẹyọ kan ṣoṣo ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Kò ṣeé dà kọ. William Henry Fox Talbot, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó mú ọ̀nà nẹ́gátíìfù wá, ó sì gba àṣẹ ìjọba lé e lórí ní 1841. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe láti tẹ àwòrán mẹ́wàá tàbí ọgọ́rùn-ún láti ara ẹyọ kan. Ẹni kẹta tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni John Herschel, tí ó ti rí i láti 1819 pé oògùn tí àwọn onífọ́tò ń pè ní háípò ń yọ́ iyọ̀ fàdákà. Háípò ni ó ń kó iyọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn kúrò lára fíìmù, kí ó má baà dúdú nígbà tí a bá gbé e wá sí ojú ọjọ́. Kí ẹ jọ̀wọ́ fi orúkọ oògùn yìí sọ́kàn. A óò tún padà sórí rẹ̀.

Àwọn kámẹ́rà tí a lò

Kámẹ́rà tí ó kọ́kọ́ mú iṣẹ́ yìí dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù ni Brownie, tí ilé-iṣẹ́ Kodak ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1900 ní dọ́là kan. Àpótí lásán ni, tí ó ní ojú kan níwájú. Brownie náà ni J. D. 'Okhai Ojeikere rà ní 1950, kí ó tó di òṣìṣẹ́ yàrá òkùnkùn ní Ìbàdàn, àti kí ó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ fún àwòrán irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà. Ní ilẹ̀ Jámánì, Oskar Barnack ṣe kámẹ́rà kékeré kan tí ń lo fíìmù sinimá, èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1925 pẹ̀lú orúkọ Leica. Àwòrán rẹ̀ kò ju mìlímítà 24 sí 36 lọ, ó sì ṣeé fi sápò. Ní 1929 ni Rolleiflex jáde ní ìlú Braunschweig. Ojú méjì ni Rolleiflex ní, ọ̀kan lókè fún wíwò, ọ̀kan nísàlẹ̀ fún yíyà.

Irú olójú-méjì bẹ́ẹ̀ ni ti ilé-ẹ̀kọ́ wa, Yashica Mat 124G tí a ṣe ní Japan, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní 1970. A ń fi okùn rẹ̀ kọ́ ọrùn, a ń ṣí ìdérí rẹ̀ lókè, a sì ń tẹrí ba láti wo inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà fẹ́ràn rẹ̀ ju èyí tí a ń gbé sójú lọ, nítorí ó dà bí ẹni pé ọmọ tí ń ya wọ́n ń kí wọn. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń da ẹni tuntun láàmú ni pé apá ọ̀tún a máa hàn ní apá òsì: bí ènìyàn bá rìn síhìn-ín, ojú gíláàsì yóò fi í hàn bí ẹni tí ń lọ sọ́hùn-ún. Ó gba bí oṣù kan kí ọwọ́ wa tó mọ̀ ọ́n.

Gíláàsì mẹ́rin ni a tò sínú lẹ́ńsì rẹ̀, ní ìlànà Tessar tí ilé-iṣẹ́ Zeiss gbé jáde ní 1902. Ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ní nọ́ńbà láti 3.5 dé 32, bí nọ́ńbà náà sì ti ń ga ni ihò náà ń kéré. Láti 4 sí 5.6, láti 5.6 sí 8, sí 11, sí 16, ìmọ́lẹ̀ tí ń wọlé ń dín sí ìdajì ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn kékeré kan sì wà nínú lẹ́ńsì, tí a ń pè ní ṣọ́tà, tí ó lè ṣí fún odidi ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí fún ìdá kan nínú 500 rẹ̀. Bí ẹni tí ń pọn omi sínú ìkòkò ni ọ̀rọ̀ náà rí: bí ẹnu ẹ̀rọ omi bá fẹ̀, a kì í pẹ́ níbẹ̀; bí ó bá há, a ó dúró díẹ̀ sí i. Òfin tí ọ̀gá wa kọ́ wa ni pé, bí oòrùn bá ràn gan-an, kí a fi ihò sí 16, kí a sì fi ṣọ́tà sí iye tí a kọ sára fíìmù. Fíìmù oní-125, ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú àáyá. Títí di òní olónìí, òfin yìí kò tíì já wa kulẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti pọ̀ fún wa ni àwọ̀ ara wa fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ kò mọ ènìyàn. Gbogbo ohun tí ó bá rí ni ó fẹ́ sọ di àwọ̀ eérú. Nígbà tí a kọ́kọ́ ya ẹgbẹ́ akọrin nínú aṣọ funfun wọn, aṣọ ni ẹ̀rọ náà wò. Aṣọ jáde dáradára, ṣùgbọ́n ojú àwọn akọrin dà bí èédú, a kò sì lè mọ ẹni tí ó ń jẹ́ ta ni. Ọ̀gá wa ní kí a sún mọ́ wọn, kí a wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó wà lójú ènìyàn, kí a sì wá dín ihò kù ní ìṣísẹ̀ kan kí àwọ̀ dúdú má baà di eérú. Ó ní ojú ènìyàn ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú, aṣọ yóò tọ́jú ara rẹ̀.

Àwòrán 12 péré ni ó wà nínú fíìmù kan. Owó tí ẹgbẹ́ wa ní kò sì ju ti fíìmù méjì lọ ní sáà ẹ̀kọ́ kan. Nítorí náà, a ń dúró, a ń wò, a ń rò ó, kí a tó tẹ̀ ẹ́.

Nínú òkùnkùn

Fífọ fíìmù ni àwọn onífọ́tò wa ń pe iṣẹ́ tí ó kàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi lásán kọ́ ni a fi ń fọ̀ ọ́. Fíìmù ń rí gbogbo àwọ̀, nítorí náà kò gbọdọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ kankan, ìbáà ṣe pupa, nígbà tí a bá ń yọ ọ́. Ọwọ́ ni ojú wa. A ó ká fíìmù náà sára yípo ike kan, a ó sì gbé e sínú agolo onídèérí tí omi lè wọ̀ ṣùgbọ́n tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀. Ọ̀gá wa kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan fíìmù gidi títí yóò fi lè fi ògbólógbòó fíìmù ṣe é ní ìgbà mẹ́wàá, pẹ̀lú ojú tí a fi aṣọ dì.

Lẹ́yìn èyí ni a ó tan iná, tí a ó sì máa da oògùn sínú agolo ní ẹsẹẹsẹ. Dẹ́fẹ́lópà ni àkọ́kọ́, òun ni ó ń pe àwòrán jáde. Ẹ̀kejì jẹ́ omi tí ó kan bí ọtí kíkan, tí ń dá iṣẹ́ àkọ́kọ́ dúró. Háípò ni ó kẹ́yìn. Ìwé tí ó bá oògùn wá ní kí omi wà ní ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ wa ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ń súnmọ́ 30. Nínú ooru bẹ́ẹ̀, dẹ́fẹ́lópà a máa sáré jù, jẹ́látíìnì a sì wú, nígbà mìíràn a hun jọ bí awọ arúgbó. A ń ra omi dídì lọ́wọ́ ìyá tí ń ta omi tútù lẹ́nu ọ̀nà, a ń fọ́ ọ sínú bàsíà, a sì ń gbé ìgò oògùn sáàárín rẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, omi a tutù fúnra rẹ̀ ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ a wá lẹ̀ mọ́ fíìmù tí a sá. Ọyẹ́ a fi ọwọ́ kan fún wa, a sì fi èkejì gbà á padà.

Títẹ àwòrán sórí ìwé rọrùn díẹ̀, nítorí ìwé náà kì í rí ìmọ́lẹ̀ pupa. Lábẹ́ gílóòbù pupa, a ó fi nẹ́gátíìfù sínú ẹ̀ńlájà, ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán náà sórí ìwé ní títóbi. A ó kọ́kọ́ gé ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan, a ó fún apá kan ní ìmọ́lẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá 5, èkejì 10, ẹ̀kẹta 15, láti mọ èyí tí ó yẹ. Bí ojú ẹnìkan bá fẹ́ dúdú jù, a ó fi ọwọ́ ṣíji bò ó fún ìgbà díẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ìwé náà di àdánù.

Àṣìṣe wa

Ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn wa ní kíláàsì karùn-ún, a ya àwọn àwòrán ìdágbére. Ọ̀rẹ́ wa kan wà, tí ó jẹ́ ẹni tí ń lu agogo ilé-ẹ̀kọ́. Kò fẹ́ràn kí a máa ya òun, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà ó gbà. A yà á lábẹ́ agogo, ó di okùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni a kánjú wọ yàrá òkùnkùn. Ìgò méjì tí ó jọra wà lórí tábìlì. A kò kọ orúkọ sí wọn lára, nítorí a rò pé a mọ̀ wọ́n. Háípò ni a kọ́kọ́ dà sínú agolo. Ẹni tí ó bá ti tẹ̀lé àlàyé wa bọ̀ ti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀: háípò kó gbogbo iyọ̀ fàdákà lọ kí dẹ́fẹ́lópà tó pe àwòrán kankan jáde. Nígbà tí a ṣí agolo, fíìmù náà mọ́ gaara bí gíláàsì fèrèsé. Àwòrán 12, ẹyọ kan kò ṣẹ́kù.

A sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní a ó tún yà òun ní ọjọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde. Èsì jáde, ṣùgbọ́n òun kò sí láyé mọ́. Ìjàǹbá ọkọ̀ ni ó mú un lọ nínú ìsinmi náà.

Ìyá rẹ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Kò béèrè ohun kan ju àwòrán ọmọ rẹ̀ lọ. Ọ̀gá wa kò bá wa wí. Ó kàn gbé àpótí nẹ́gátíìfù sílẹ̀ níwájú wa, ó ní kí a máa wá a. Ní ọjọ́ kejì ni a rí i nínú àwòrán ọjọ́ eré ìdárayá, ó dúró lẹ́yìn àwọn tí ń sáré. Ojú rẹ̀ lórí fíìmù kò tóbi ju hóró àgbàdo kan lọ, nẹ́gátíìfù náà sì ṣá nítorí pé ojú ọjọ́ ṣú nígbà tí a yà á. A gbé ẹ̀ńlájà sókè dé ibi tí ó lè dé, a lo ìwé tí ó le jù lọ, èyí tí ń mú kí dúdú dúdú sí i kí funfun sì funfun sí i. Ìgbà méjì ni iná lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Ní ìgbà kẹta, irun rẹ̀ kọ́kọ́ yọ nínú àwo oògùn, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rín rẹ̀. Àwòrán náà rí ṣákaṣàka bí iyanrìn, ṣùgbọ́n òun ni. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú yàrá náà.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni a ka ohun tí Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ ní 1978 nípa àwọn onífọ́tò Yorùbá, lẹ́yìn tí ó ti wà lọ́dọ̀ àwọn ti Ìlá-Ọ̀ràngún. Ó ní bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìya àwòrán, onífọ́tò a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, kí àwọn méjèèjì lè jókòó ti ara wọn. Àwa Kristẹni kì í bọ àwòrán. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí a ti rí ìyá ọ̀rẹ́ wa bí ó ti gba ìwé kékeré náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, a mọ ohun tí àwọn ìyá wọ̀nyẹn ń wá lọ́dọ̀ onífọ́tò.

Òórùn ọtí kíkan

Ní ọdún tí ó kọjá, àbúrò ọ̀rẹ́ wa yìí kọ̀wé sí wa. Ó ní ìyá àwọn ti sùn nínú Olúwa, àti pé àwòrán tí ó wà ní pálọ̀ ti di pípọ́n, ojú inú rẹ̀ sì ń parẹ́ lọ. A mọ ìdí rẹ̀. Ní alẹ́ tí a tẹ̀ ẹ́, ara kò gbà wá láti fọ ìwé náà pẹ́ nínú omi mímọ́, háípò tí ó kù sínú rẹ̀ sì ti ń jẹ fàdákà náà díẹ̀díẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá. Ìkánjú wa ti bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

A lọ sí yàrá ìkẹ́rù ilé-ẹ̀kọ́ láti wá nẹ́gátíìfù náà. Nígbà tí a ṣí àpótí, òórùn ọtí kíkan ni ó kí wa. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé èyí dáadáa. Ike tí a fi ṣe fíìmù ayé ìgbà náà ní èròjà ọtí kíkan nínú. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá pẹ́ lára rẹ̀, èròjà náà a bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ike a sún kì, a ká kò, jẹ́látíìnì a sì bó kúrò lára rẹ̀. Ó tún ń ran èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí oògùn tí ó lè dá a padà. Ibi tútù tí ó gbẹ nìkan ni ó lè dẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró.

Nẹ́gátíìfù ọ̀rẹ́ wa ti ń ká létí, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ ṣì dára. A fi aṣọ dúdú dí fèrèsé ilé ìwẹ̀ wa, a yá ẹ̀ńlájà lọ́wọ́ onífọ́tò àgbàlagbà kan, a sì tún àwòrán náà tẹ̀. Ní ìgbà yìí, a kọ orúkọ sára gbogbo ìgò. A fọ ìwé náà fún wákàtí kan gbáko.

A gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ kan tún ti ń ra kámẹ́rà ayé àtijọ́. Inú wa dùn sí i, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Ilford àti Kodak sì ṣì ń ṣe fíìmù títí di òní. Ìmọ̀ràn wa fún ẹni tí ó bá fẹ́ rà á ni kí ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó tẹ ṣọ́tà ní odidi ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ó gbọ́ bóyá ó ń fà; kí ó tan iná wo inú lẹ́ńsì, bóyá ohun kan ti hù síbẹ̀ bí òwú aláǹtakùn. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ni ó ń mú un hù, bí ó bá sì ti jẹ gíláàsì, kò ṣeé nù kúrò. Àpò awọ tí a fi ń gbé kámẹ́rà kò dára fún títọ́jú rẹ̀ pẹ́. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kí ó wà.

Ẹ̀bẹ̀ wa

Àpótí mẹ́ta ni nẹ́gátíìfù tí ó wà ní yàrá ìkẹ́rù náà. Àwọn olùkọ́ wa, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìdáná, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọ́n ti lọ àti àwọn tí wọ́n ṣì wà, gbogbo wọn ni wọ́n wà nínú rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ jẹ́ mẹ́ta. Kí a ya àwọn tí ń rùn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò rùn, kí a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò ìwé, kí a sì gbé wọn kúrò nínú yàrá olóoru náà lọ sí ibi tútù tí ó gbẹ. Kí a fi ẹ̀rọ dà wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà ní ọdún yìí, kí ó má ṣe di ọdún tí ń bọ̀. Ẹ̀kẹta ni ó ṣòro jù: kí àwọn tí ó mọ ojú àwọn ènìyàn wọ̀nyí wá sọ orúkọ wọn fún wa, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Àwòrán tí kò ní orúkọ, àjèjì ni yóò jẹ́ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn, a kì í sì í fi ìgbà gbogbo wà láyé láti dárúkọ.

Ọmọ tí ó bi wá ní ìbéèrè ní gbọ̀ngàn ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti bá wa ṣe iṣẹ́ náà. Kí Ọlọ́run tí ó mọ olúkúlùkù wa ní orúkọ bù kún un, kí ó sì bù kún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àmín.